Orúkọ Tí Mo Ṣì Tẹ̀

Orúkọ ara mi ni mo tẹ̀ sínú ìwé ìbúra obìnrin náà. Èmi ò mọ̀, òun náà ò mọ̀, òṣìṣẹ́ kóòtù tó lu òǹtẹ̀ sí i kò sì mọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ló padà wá, ó tẹ́ ìwé náà síwájú mi, ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan, ó ní, "Àbúrò mi, ta ni Maria?"

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ìdí táípù. Ọdún 2000 ni mo kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Àbújá, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ táípù àti àpò aṣọ kan. Nyanya ni mo ń gbé. Láràárọ̀, bọ́ọ̀sì á kó wa wọ ìlú, èmi á sì sùn lọ́nà bíi gbogbo èrò yòókù. Mo ti rò ó pé inú ọ́fíìsì ìjọba ni màá ti máa ṣiṣẹ́, lábẹ́ fáànù. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo bá ara mi, lẹ́yìn ògiri kóòtù kan, níbi tí àwa òǹtẹ̀wé bíi méje to tábìlì wa sí.

Ìwé ìbúra ni iṣẹ́ wa. Ẹni tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sọ nù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ tó fẹ́ yí orúkọ padà, ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ò bára mu nínú ìwé méjì, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo wọn á kọ́kọ́ yà sí. A ó tẹ ohun tí wọ́n bá sọ, wọ́n á gbé e wọ kóòtù lọ búra, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á sì lu òǹtẹ̀ sí i. Bàbá Láyọ̀ ló gbà mí sídìí tábìlì rẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti tẹ̀wé títí fún ilé iṣẹ́ aṣojú ilẹ̀ òkèèrè kan ní Èkó kó tó bá wọn wá sí Àbújá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí n tẹ gbólóhùn kan ṣoṣo nígbà ogún. Èdè Òyìnbó ni a fi ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹnì kan náà ló ni gbogbo orúkọ tó wà lókè rẹ̀.

"Gbólóhùn yìí ló ń bọ́ wa," Bàbá Láyọ̀ sọ fún mi. "Àwọn orúkọ tó bá wà lókè rẹ̀, má bá wọn tún un ṣe o. Bí oníbàárà bá ní Súlè lòun ń jẹ́, má tẹ Sulaiman fún un. Etí ni kó o máa fi tẹ̀wé, má fi ọgbọ́n orí tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀sán ibẹ̀ a máa fa oorun. Oòrùn á gba àárín ewé máńgòrò bọ́ sórí tábìlì, ìró táípù méje á dà pọ̀ bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, ọyẹ́ á sì ti fi eruku bo àpáta òkèèrè títí a ò fi ní rí i mọ́. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí oníbàárà, ọ̀rọ̀ orúkọ ni Bàbá Láyọ̀ fẹ́ràn láti máa sọ. Orúkọ tèmi ló sì fẹ́ràn jù.

"Màríà," á ní, "ṣé o mọ ibi tí orúkọ rẹ rìn dé?"

"Ẹ ti sọ fún mi lánàá, Bàbá."

"Màá tún un sọ. Àwọn Hébérù ló ni ín, Míríámù ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan ní ìkorò ni ìtumọ̀ rẹ̀, àwọn kan ní àyànfẹ́ ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ò tíì fẹnu kò títí di òní. Lárúbáwá gbà á, ó di Maryam. Faransé ní Marie. Ní ọ́fíìsì wa l'Ékòó, ìyàwó Òyìnbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Máṣà, ará Rọ́ṣíà. Òmíràn wá láti ilẹ̀ Ireland, Mọ́írà ni tiẹ̀. Orúkọ kan náà ni! Àwọn Hausa ibí ń jẹ́ Maryamu, tí wọ́n bá fẹ́ kẹ́ ẹ, wọ́n á ní Mairo. Àwọn Mùsùlùmí tiwa ní Mọ́ríámọ̀."

"Bí ìyá mi ṣe máa ń pè mí nìyẹn nígbà mìíràn," ni mo sọ lọ́jọ́ kan. "Ará Ìlọrin ni wọ́n. Ahọ́n wọn ò fẹ́ yí sí Màríà."

Ó wò mí láti òkè gíláàsì rẹ̀, ó fẹ́ sọ nǹkan, ó sì pa á mọ́ra. Mi ò kà á sí.

Òtítọ́ ni pé orúkọ náà pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pe Màríà tàbí Mérì ní ibùdókọ̀ Nyanya láàárọ̀, obìnrin mẹ́rin á bojú wẹ̀yìn, èmi á ṣe ìkarùn-ún. Nígbà tí oorun ọ̀sán bá fẹ́ gbé mi lọ, mo máa ń rí gbogbo àwọn tí Bàbá Láyọ̀ dárúkọ: èyí tí yìnyín wà léjìká rẹ̀, èyí tó ń pọn omi létí aṣálẹ̀, èyí tó dúró létí òkun tí mi ò mọ̀. Ẹnì kan á pè láti ibì kan, gbogbo wọn á sì yíjú lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi máa ń dùn pé mo wà lára wọn. Lẹ́yìn náà ni oníbàárà á fọwọ́ gbá tábìlì, á ní ṣé oorun ni mo wá sùn ní Àbújá.

Ó yẹ kí n sọ nípa ìyá mi díẹ̀. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí i ní Ìlọrin. Nígbà tó fẹ́ bàbá mi, tó jẹ́ díákónì ní ìjọ wa, wọ́n rì í bọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Rúùtù. Kò sẹ́nì kankan nínú àwọn ẹbí rẹ̀ tó wá síbi ìgbéyàwó náà. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìjọ nìkan ni Rúùtù wà, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni gbogbo agboolé ti ń pè é ní Ìyá Màríà. Bí bàbá mi bá ti lọ oko, tí ìyá mi jókòó tó ń dirun fún mi, á ní, "Mọ́ríámọ̀, tẹ orí sílẹ̀." Ohùn rẹ̀ máa ń fúyẹ́ nígbà náà. Bí a bá ti gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ bàbá mi, mo tún di Màríà.

Ọdún 2005 ni obìnrin tí mo ń sọ yìí wá. Mọ́ríámọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin ni, ó ń gbálẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan láti ọdún mọ́kànlá. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Lákòókò yẹn, wọ́n ń yẹ òṣìṣẹ́ wò ní ilé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wá àwọn tí wọ́n ń pè ní gósì wọ́kà, ìyẹn orúkọ tó wà nínú ìwé láìsí èèyàn nídìí rẹ̀. Moriamo ló wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn míṣọ́nnárì kọ ọ́ ní Mary. Akọ̀wé Hausa tó gbà á síṣẹ́ kọ Maryamu. Ọ̀gá tó ń ṣe àyẹ̀wò sọ fún un pé obìnrin mẹ́ta ni òun rí nínú ìwé, èwo nínú wọn ló ń gbálẹ̀? Ọjọ́ Ẹtì ni àyẹ̀wò máa parí. Bí kò bá mú ìwé ìbúra wá kó tó di ìgbà náà, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni. Ó jókòó tì mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ohun tí màá tẹ̀ fún mi. "Kọ ọ́, àbúrò mi. Mọ́ríámọ̀..."

"Mà?" ni mo dáhùn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe ìwọ ni mo pè. Orúkọ mi ni mo ń sọ."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ohùn Ìlọrin yẹn ti gbé mi dé abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, mo ń gbóòórùn àdí lórí irun mi. Ọwọ́ mi ń tẹ̀wé lọ ní tiẹ̀. Mary àti Maryamu bọ́ sí i bó ṣe yẹ. Níbi tó yẹ kí Moriamo wà, Maria ló wà níbẹ̀.

Nígbà tó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ojú rẹ̀ ti wú. Ọ̀gá náà ti fi bírò pupa kọ ọ́ sára fáìlì rẹ̀ pé wọ́n ti di mẹ́rin báyìí, kó lọ mú Maria wá. Bàbá Láyọ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á, kò jágbe. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

"Mo ní kó o fi etí tẹ̀ ẹ́," ló wí.

"Etí ni mo fi tẹ̀ ẹ́, Bàbá. Orúkọ mi ni mo gbọ́."

Omi bọ́ lójú mi. Ó fa bébà tuntun sínú táípù fúnra rẹ̀, ó tẹ òmíràn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ní, "Wọ́n ní kó mú Maria wá, àbí? Màríà rè é. Dìde, tẹ̀ lé e."

A búra, a gba òǹtẹ̀, a sì sáré dé ọ́fíìsì náà nígbà tí àwọn èèyàn ti ń múra láti lọ kí Jímọ̀. Ọ̀gá náà ti ń to fáìlì rẹ̀ pa.

"Kai, madam!" ó ní. "You don come again?"

"Sànnu, ọ̀gá. You say make I bring Maria," Mọ́ríámọ̀ dá a lóhùn. "Na she be this."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Mo fi káàdì ìdánimọ̀ mi hàn án, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni òǹtẹ̀wé, pé èmi ni mo fi orúkọ ara mi sí i. Ó mi orí. Ó ní ó dáa, òun ti yọ Maria kúrò, ṣùgbọ́n Mary, orúkọ Kìrìsìtẹ́nì ni, Maryamu, tàwọn Hausa ni, Moriamo sì rèé, òun ò gbọ́ ọ rí. Báwo ni wọ́n ṣe máa jẹ́ ẹnì kan?

Bí mo ṣe ń wá ọ̀rọ̀ Bàbá Láyọ̀ nípa àwọn Hébérù lẹ́nu, ẹnì kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo, "Joe! Mosque o!" Ọ̀gá náà dáhùn pé òun ń bọ̀.

Mọ́ríámọ̀ wo pákó kékeré tó wà lórí tábìlì, níbi tí wọ́n kọ Yusuf sí. "Ọ̀gá," ó rọra bi í, "who be Joe?"

Ọ̀gá náà fi ìka tọ́ka sí àyà ara rẹ̀.

"And for house, wetin Mama dey call you?"

"Isuhu," ó dáhùn, kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́.

"Dat na three. Which one dey sit for chair?"

Ẹ̀rín tí ọkùnrin náà rín, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé àdúgbò Kado. Ó fọwọ́ nu ojú, ó lu òǹtẹ̀ sí fáìlì náà nígbà méjì, ó ní, "Yauwa, Hajiya. Go and sweep."

Lójú ọ̀nà, Mọ́ríámọ̀ dì mọ́ mi, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló dúró, ó wò mí.

"Lọ́jọ́sí tí mo ní Mọ́ríámọ̀, o dá mi lóhùn. Ta ló ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá mi. Ará Ìlọrin ni wọ́n. Wọ́n ti di Kìrìsìtẹ́nì, ṣùgbọ́n bí ahọ́n wọn ṣe rí ni."

"Ahọ́n tó ń pe Bíbélì ò lè pe Màríà?" ó ní. "Àbúrò mi, lọ bi wọ́n pé orúkọ ta ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Mo lọ sílé nígbà Kérésì. Bàbá mi ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Mo jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá mi kó bá mi dirun, bí mo ti dàgbà tó, mo sì bi í. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú irun mi.

"Orúkọ mi ni," ló wí níkẹyìn. "Nígbà tí wọ́n rì mí bọmi, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ sínú odò, mo sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo bí ọ, bàbá rẹ ní kí n mú orúkọ tó bá wù mí nínú Bíbélì. Mi ò mọ̀ ọ́n kà, òun ló ń ka orúkọ àwọn obìnrin ibẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí Màríà, mo ní ó tó. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn, Ìyá Màríà ni gbogbo èèyàn á máa pè mí. Wọ́n á máa pe orúkọ mi lójoojúmọ́, wọn ò ní mọ̀."

"Ṣé Bàbá mọ̀?"

"Bàbá rẹ gbọ́n. Kò bi mí." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dirun náà lọ. "Tẹ orí sílẹ̀."

Mo ń bá iṣẹ́ náà lọ lábẹ́ igi máńgòrò títí di 2009, tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Mi ò mọ iye ìwé ìbúra tí mo tẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ nígbà tí mo ti ilé dé lọ́dún Kérésì yẹn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Maria ni èmi, Moriamo ni èmi, ẹnì kan náà sì ni àwọn méjèèjì. Bàbá Láyọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá àṣìṣe nínú rẹ̀ títí, kò rí.

Mo gbé e lọ fún ìyá mi ní Ọdún Àjíǹde. Ó ní kí n fi ibi tí orúkọ náà wà han òun, ó gbé ìka lé e, kò sì tètè gbé e kúrò. N kò lè pe ìyá mi lórúkọ, bó ti wù kó wù mí tó. Mo bá kọjá sí òdìkejì àgbàlá, mo sọ fún Ìyá Fúnmi, aládùúgbò wa àtijọ́, pé mo ti tún ìwé mi ṣe, pé Mọ́ríámọ̀ ni orúkọ mi báyìí, kó máa fi pe ìyá mi.

Ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò bá mi jiyàn. Ó yọjú síta, ó sì pariwo kọjá àgbàlá, "Ìyá Mọ́ríámọ̀ o!"

Ìyá mi ti jẹ́ ẹ kó tó pè é tán.