Èmi Wà Dáadáa, Ẹ̀rọ Ni Ara Rẹ̀ Ò Yá

Omi tó bẹ́ láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ní Peckham láàárọ̀ Sátidé yẹn, bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé odò Thames ló wá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jà Rye Lane. Ó gbé àpótí ẹ̀fọ́, ó gbé bàtà ẹsẹ̀ kan, ó gbé àga onídìrí lọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àga náà sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí. Nígbà tó ráàyè, ó ya wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wáyà iná ẹ́síteètì wà. Iná kú pátápátá nínú gbogbo ilé gogoro. Lífìtì dúró sójú kan.

Fóònù Bàrákàt dún. Bàrákàt, ọmọ Àlàájà Àsúmáù, tí wọ́n bí sí Peckham, tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì, òun ni káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, fi ṣe alábòójútó gbọ̀ngàn ìsádi. Bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá dé, òun ni yóò ṣí gbọ̀ngàn sílẹ̀, tí yóò pèsè tíì, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ibi tí èèyàn máa fẹ̀yìn lé. Nígbà tó wà lọ́mọdé, iná jó fúláàtì tó wà lókè tiwọn. Òun àti ìyá rẹ̀ jókòó sétí títì nínú òtútù, títí obìnrin káńsù kan tó wọ ẹ̀wù péńpé aláwọ̀ ìyeyè fi wá da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀wù yẹn ti wọ Bàrákàt lójú. Ìgbà tó wá rí i wọ̀ ló mọ̀ pé ẹ̀wù náà ní ìjánu.

Ìjánu ọ̀hún nìyí: bí àjálù bá dé nílùú Òyìnbó, kálukú ló ní ààlà tirẹ̀. Panápaná ló ń yọ èèyàn nínú ewu, ambuláǹsì ló ń tọ́jú aláìsàn, káńsù ló ń wá ibùsùn àti oúnjẹ. Ẹni tó bá ń ṣọ́ gbọ̀ngàn kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Bàrákàt ti ṣí gbọ̀ngàn, Jonathan, ọ̀gá wọn, sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ ọ, ìwé ètò ni yóò kọ́kọ́ ṣí wò kó tó gbé oògùn mì.

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí Aishah wà lára wọn, ń pe gbogbo arúgbó àti aláìsàn tó wà nínú ilé gogoro lórí fóònù. Ìbéèrè kan náà ni: ṣé ẹ wà dáadáa, ṣé ẹ fẹ́ ìrànlọ́wọ́? Ẹni tó bá ní òun fẹ́, orúkọ rẹ̀ á di pupa lójú kọ̀ǹpútà, panápaná á gùn lọ gbé e. Ẹni tó bá ní kò séwu, orúkọ rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, wọ́n á fi í sílẹ̀.

Bàrákàt yọjú wo kọ̀ǹpútà náà. Àwọ̀ ewé ni Alhaji Tàjùdéèn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé e dé ilé ìdáná. Ó wò sísàlẹ̀, ó rí orúkọ ìyá tirẹ̀: Àsúmáù, àjà kẹjọ, ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń lo iná ló fi ń mí. Àwọ̀ ewé, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ọgbà lẹ́yìn òjò.

Ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀. "Jonathan, ta ló sọ pé Mummy mi wà dáadáa?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni. Aishah ló pè é. Ó ní òun wà fine, òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó tún bi Aishah bóyá ó ti jẹun."

"Ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ nìyẹn! Kí òrùlé wó lé Yorùbá lórí, tí o bá ní báwo ni, á ní a dúpẹ́!"

"A ò lè sọ pé irọ́ lèèyàn ń pa nípa ara rẹ̀, Bàrákàt."

Irọ́ kọ́. Ta ni yóò máa to àìsàn rẹ̀ fún àlejò kó tó dá ìkíni padà? Bàrákàt yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe ìyá rẹ̀.

"Mummy, ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ wà okay?"

"A dúpẹ́ o. Ṣé o ti jẹun?" Ìyá náà ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gun òkè.

"Machine yẹn ńkọ́?"

"Ó wà níbí."

"Ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn, kí n gbọ́ ohùn ẹ̀."

Ẹ̀rọ tó máa ń kùn bí ológbò tó yó láti àárọ̀ dalẹ́, Bàrákàt kò gbọ́ nǹkan kan.

"Mummy, mi ò gbọ́ ohùn kankan."

"Ó ń sùn ni."

"Machine ń sùn?"

"Ṣé kì í rẹ òun ni? Ìgò afẹ́fẹ́ kékeré tí wọ́n ní kí n tọ́jú ni mò ń lò."

"Ọwọ́ aago ìgò yẹn, ibo ló wà?"

"Ó ń wo ibi pupa. Kò tíì wọnú ẹ̀ tán."

Bàrákàt mọ̀ pé bó bá wọnú pupa tán, afẹ́fẹ́ ìgò tán nìyẹn; ó pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n láìsí lífìtì, panápaná ló ń gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀, àwọn tí orúkọ wọn pupa ni wọ́n sì fi ṣáájú. Ó sáré padà sọ́dọ̀ Jonathan: kó yí àwọ̀ náà padà. Jonathan ní ẹbí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yí i. Nígbà kan rí, gbogbo ọmọ ló sọ ìyá tirẹ̀ di pupa. Ẹnu ìyá fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti jáde. Bàrákàt bọ́ ẹ̀wù ìyeyè.

"Bí o bá jáde, mo ní láti ti gbọ̀ngàn yìí," Jonathan wí. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti ń sùn lórí ẹní. Bó bá tilẹ̀ gun òkè ọ̀hún, ṣé ẹ̀yìn ni yóò fi pọn ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀? Ó wọ ẹ̀wù padà, ó tún tẹ fóònù.

"Mummy, Aishah á tún pè yín. Ẹ sọ fún un pé ara yín ò yá."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí n fẹnu ara mi pe àìsàn lé ara mi lórí? Fún ọmọ tí mi ò mọ̀ rí?"

"Wọn ò ní wá o!"

"Ọlọ́run á wá. Má pariwo mọ́ mi."

Ó ṣe Bàrákàt bíi kó ju fóònù sínú omi títì. Ìwé kan wà tí kò gbọ́ èèyàn, èèyàn kan wà tí kò gbọ́ ti ìwé, òun ló há sáàárín. Ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa, Mummy. Ẹ má sọ pé ara yín ò yá. Ẹ ṣáà sọ òótọ́ nípa machine yẹn."

"Ìyẹn ṣeé sọ," ìyá rẹ̀ wí.

Aishah pè é, ó jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́. Ṣé ẹ wà dáadáa, mà? "Mo wà dáadáa, ọmọ mi. Ṣé o ti wá jẹun báyìí?" Bàrákàt fọwọ́ bojú. Èémí kan fà, ó fà, ohùn sì jáde: "Èmi wà dáadáa. Ẹ̀rọ ni ara rẹ̀ ò yá. Òun ló fẹ́ ìrànlọ́wọ́."

Aishah yíjú. "Jonathan, àwọ̀ wo ni kí n fún ẹ̀rọ?"

Jonathan ṣí ìwé ètò, kò rí ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ aláìsàn. Ó wo ojú Bàrákàt, ó pa ìwé dé. "Pupa."

Àwọn panápaná fi àga gbé Àlàájà sọ̀ kalẹ̀. Ní gbogbo ibi tí àtẹ̀gùn ti yí ló ti ń ṣàdúrà fún wọn, kí wọ́n sì tó dé àjà kẹta, ó ti fẹ́yàwó fún èyí tó ga jù nínú wọn. Òṣìṣẹ́ ambuláǹsì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú gbọ̀ngàn: ṣé ẹ wà dáadáa, Mama?

"Very fine, thank you."

"Ẹ má gbọ́ tiẹ̀!" Bàrákàt figbe ta. "Ẹ wo ìka ẹ̀!" Ìka náà ti ṣú, ó ti ń dà bí aró. Wọ́n yára fi afẹ́fẹ́ sí i nímú.

Bàrákàt kò jókòó. Ó gba fóònù lọ́wọ́ Aishah, ó ń pe àwọn àgbà tó kù, kò sì bi wọ́n pé báwo ni. Ó ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi mu oògùn, ta ló bá wọn gbé omi. Alhaji Tàjùdéèn kò tíì dìde lórí ibùsùn láti àná. Òun náà di pupa.

Nígbà tí omi fà tán, tí wọ́n ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà nínú gbọ̀ngàn, Bàrákàt ní kí wọ́n yí ìbéèrè orí fóònù padà. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ gidi ni, wọ́n ní gbogbo káńsù tó kù ló ń lo ìbéèrè yẹn, àwọn ó gbé e yẹ̀ wò. Ibi tó wà ló wà títí dòní.

Lọ́jọ́ ìpàdé náà, wọ́n tú ká. Bàrákàt jókòó sórí àga, ó ká ẹ̀wù ìyeyè lé itan, ó tú u, ó tún ká a, ó tún tú u. Jonathan padà wá dúró tì í.

"Bàrákàt, ṣé o wà dáadáa?"

"Fine, thank you," ló wí.

Jonathan mi orí pé ó dáa, ó bá tirẹ̀ lọ.