Ìlà Tó Kan Ṣáwá

Inú ẹja ni oúnjẹ Àbíkẹ́ ti ń wá, ẹ má rò pé mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní yàrá àyẹ̀wò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń la ikùn ẹja òkun kó lè mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ. Dámisí, apẹja kan létí òkun, ló máa ń kó wọn sínú yìnyín, tí awakọ̀ á já wọn sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Takie.

Ohun tó bá rí, á yà á sórí bébà fífẹ̀: ìlà kan láti ọ̀dọ̀ èyí tí wọ́n jẹ sí ọ̀dọ̀ èyí tó jẹ ẹ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìlà mẹ́tàdínlógójì ló kan ṣáwá, nítorí kútà ń jẹ ẹ́, ọ̀bọ̀kún ń jẹ ẹ́, ẹyẹ òkun pàápàá ń jẹ ẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ó ku mọ́kàndínlógún, torí ṣáwá ti ń tán lọ nínú òkun. Àbíkẹ́ wá fẹ́ sọ fún ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin ẹja pípa pé kí ṣáwá sinmi oṣù mẹ́ta lọ́dún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ebi á pa gbogbo òkun.

Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Oyèdèjì, ni yóò gbé ìwé náà lọ fún ìgbìmọ̀. Alàgbà ni nínú ìjọ Aládùúrà tí Àbíkẹ́ ń lọ. Òun ló gbàdúrà sórí ọmọ Àbíkẹ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó ní kó fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ bébà òfìfo, pé òun á tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bí òun bá délé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ tí yóò ní kí alàgbà dúró ná, kí òun kọ́kọ́ kà á? Àbíkẹ́ kúnlẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ìwé náà jáde, ṣáwá ò sí lórí àwòrán ìlà Àbíkẹ́ mọ́. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ara òkun le, kí àwọn ọkọ̀ ńlá apẹja máa kó ṣáwá bó ṣe wù wọ́n. Àbíkẹ́ sáré lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe èyí, sà?"

"Àwọn ọlọ́kọ̀ yẹn ló ń gbọ́ bùkátà yàrá àyẹ̀wò wa, Àbíkẹ́. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tì í pa ni?"

"Ẹ yọ orúkọ mi kúrò, sà."

"Èmi kọ́ ni mo fọwọ́ sí i."

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Inú bí èmi tí mò ń sọ ọ́. Àbíkẹ́ alára ò rí ẹkún sun.

Lọ́sẹ̀ kejì, Dámisí pè é lórí fóònù. "Ẹ káàsán, mà. Ọkọ̀ ńlá mẹ́rin ló wà níwájú wa lónìí. Wọ́n fi ìwé hàn wá, a rí orúkọ yín níbẹ̀."

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, Dámisí."

"Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ sí i, mà?"

Àbíkẹ́ ò lè purọ́. "Mo fọwọ́ sí i."

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ni Dámisí wí. "Ẹ má retí ẹja wa mọ́."