Bátìrì Tọ́ọ̀ṣì Ìyá Òdìkejì

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìwó, bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, bàbá tó bí bàbá mi, tí à ń pè ní Bàbá, ní rédíò kan ní yàrá wọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo kúrú nígbà yẹn. Gánà ni Bàbá ti rà á nígbà ọ̀dọ́ wọn. Bí wọ́n bá tàn án, àwọn gílóòbù kéékèèké inú rẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n kí ohùn tó jáde. Kò mọ iná ìjọba rí. Bátìrì ńlá kan bíi búlọ́ọ̀kù ló ń gbé e, nígbà tí wọn ò sì ta irú rẹ̀ lọ́jà mọ́, rédíò yadi.

Lọ́dún kan, bí ààwẹ̀ ṣe ń sún mọ́lé, ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ọjà ní òun á mú un sọ̀rọ̀. Ó tún inú rẹ̀ ṣe, ó la ọparun sí méjì-méjì, ó ní ká to bátìrì tọ́ọ̀ṣì sínú wọn, kí orí ọ̀kan máa kan ìdí èkejì, títí agbára wọn á fi tó ti àtijọ́. Èyí tí a ní nílé ò tó rárá. A kó àwọn tó ti rẹ̀ jọ, a sá wọn sóòrùn bí gbogbo ayé ti ń ṣe nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní ìyẹn ò lè gbé e. Ni Bàbá bá ní kí n gbé abọ́ yí agboolé ká, kí n bá àwọn tọrọ bátìrì.

Ìyá arúgbó kan ń gbé níwájú ilé wa, Ìyá Òdìkejì là ń pè wọ́n. Àwọn àti ìyá bàbá mi, tó ti di olóògbé, ni wọ́n jọ máa ń jókòó ti rédíò yìí láyé ọjọ́un, tí wọ́n á máa gbọ́ wáàsí títí di àkókò ìṣínu. Bí mo ṣe jíṣẹ́ Bàbá fún wọn, wọ́n tú ìdí tọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n kó bátìrì inú rẹ̀ sínú abọ́ mi.

Mo ní, “Ìyá, kí lẹ ó wá máa fi ríran?”

Wọ́n ní, “Ẹsẹ̀ mi mọ ọ̀nà kànga. Máa lọ, jàre.”

Nírọ̀lẹ́ tí ààwẹ̀ ku ọ̀la, rédíò sọ̀rọ̀, agboolé hó. Ìyá Òdìkejì ránṣẹ́ pé ó ti rẹ àwọn, àwọn á wá gbọ́ wáàsí lọ́jọ́ kejì. Òjò rọ̀ mọ́jú. Ní ìdájí, bí wọ́n ṣe ń lọ ṣe àlùwàlá nínú òkùnkùn, ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lẹ́bàá kànga, wọ́n ṣubú, ìbàdí wọn kán. A ránṣẹ́ pe ẹni tó ń to eegun láti Kuta.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bàbá lára. Wọ́n yí ohùn rédíò wálẹ̀, wọ́n da aṣọ bò ó, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ojoojúmọ́ la jọ ń gbé ẹ̀kọ lọ fún Ìyá, Bàbá á sì máa wo ilẹ̀ bíi ọmọ iléèwé tó fọ́ síléètì. Nígbà tí Ìyá bi wọ́n pé, “Rédíò ńkọ́?” Bàbá ní, “Ó tún ti kú.” Wọ́n pa irọ́ tààwẹ̀-tààwẹ̀ lẹ́nu. Ojú tì mí fún wọn, ó sì tì mí fún ara mi, torí èmi ni mo gbé abọ́.

Nígbà tí ààwẹ̀ ń parí lọ, èmi nìkan ni mo gbé ẹ̀kọ lọ lọ́jọ́ kan. Ìyá ní, “Ọmọ mi, ṣé rédíò kú lóòótọ́?” Mo gbé ẹ̀kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Wọ́n ní, “Sọ fún Bàbá pé mo fi ìmọ́lẹ̀ mi sílẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn. Ìmọ́lẹ̀ ò sí, ohùn ò sí. Èwo wá ni tèmi?”

Mo jíṣẹ́ náà bó ṣe rí. Bàbá dìde, wọ́n ká aṣọ kúrò. Ẹ gbà mí, wọn ò pa rédíò lọ́jọ́un. Ohùn nìkan ni wọ́n yí wálẹ̀. Bátìrì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi tán, omi ti jáde lára wọn, ó sì ti jẹ wáyà àti irin inú rẹ̀. Ọkùnrin tó tún un ṣe lọ́jọ́sí wò ó, ó mi orí, ó ní kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Bàbá lọ bá Ìyá, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n jẹ́wọ́ irọ́ wọn. Ìyá ní, “Ìṣubú mi ò sí lọ́rùn yín, Bàbá. Ilẹ̀ ló yọ̀. Wáàsí mi ni mo ń béèrè.”

Bàbá ra tọ́ọ̀ṣì tuntun fún wọn. Ìyá dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò bi Bàbá léèrè rédíò mọ́ títí wọ́n fi kú, ìyẹn ló dun Bàbá jù.

Lónìí, ẹ̀yin ọmọ mi, fóònù pẹ́ńpẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi ní tọ́ọ̀ṣì nínú, ó ní rédíò nínú. Kò sẹ́ni tó ń fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì mọ́. Bí ààwẹ̀ bá dé, mo máa ń tan méjèèjì papọ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ọmọ mi á ní, “Ìyá Àgbà, bátìrì yín á tán o.” Mo gbọ́. Màá gbé àga mi síta, màá kọ ojú fóònù sí ibi tí ilé Ìyá Òdìkejì wà tẹ́lẹ̀, màá sì jẹ́ kí wáàsí parí.