Ọgbà Làpálàpá Tó Wà Láàárín Wa

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, mo kó kúrò nínú yàrá tí mo yá ní Ṣàgámù, mo padà sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, láti Ìkẹ́nnẹ́ ni mo sì wá ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dà á láàmú, kò yẹ kó máa dá gbé.

Làpálàpá ni ọgbà tó pààlà láàárín ilé wa àti ti aládùúgbò wa, tíṣà àfẹ̀yìntì kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Tíṣà. Òun ló gbìn ín, òun ló sì ń rẹ́ ẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọgbà náà kì í ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ. Ìyá mi àti ìyàwó tíṣà a máa dúró tì í láàárọ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọn a máa sọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ìjọ títí omi tí wọ́n gbé kaná yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Aránṣọ ni ìyàwó tíṣà, ó sì wà lára àwọn akọrin ìjọ Áńgílíkà. Obìnrin tó fẹ́ràn oge ni. Kò ní dé ẹnu ọ̀nà láìwé gèlè, ìbáà ṣe pé ilẹ̀ lásán ló fẹ́ gbá.

Nígbà tí mo fi padà dé, ọgbà náà ti ga ju orí ọkùnrin lọ, ìtàkùn sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá mi ní ó ti pẹ́ tí tíṣà ti gbé àdá sílẹ̀, pé ìgbà yẹn náà ni ìyàwó rẹ̀ lọ tọ́mọ fún ọmọ wọn l'Ékòó.

"Kò tilẹ̀ dágbére fún mi," ó ní. Èyí ló ń dùn ún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgbà.

Ní tèmi, ọgbà ló ń yọ mí lẹ́nu. Oòrùn kì í dé ẹ̀yìnkùlé wa mọ́. Sìmẹ́ńtì ibi tí a ti ń fọ aṣọ ti ń yọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí kí ìyá mi má ṣubú níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ka tó tẹ̀ sórí okùn aṣọ ń kán oje sára yunifọ́ọ̀mù mi funfun, oje làpálàpá kì í sì í kúrò lára aṣọ, bó ti wù kí èèyàn fọ̀ ọ́ tó.

Mo lọ bá tíṣà. Ó pàdé mi lẹ́nu géètì, kò ní kí n wọlé. Ó bẹ̀ mí, ó ní òun yóò gé e lópin ọ̀sẹ̀. Kò gé e. Mo tún lọ, ó ní kí òjò dáwọ́ ná. Mo sọ fún alága ẹgbẹ́ onílé. Òun náà lọ, ìlérí kan náà ló gbà bọ̀. Òjò dá, ọgbà ń ga sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá mi bá ejò nínú ọpọ́n tó fẹ́ fi fọ aṣọ. Ejò náà kò ṣe é ní nǹkan, inú ọgbà ló sá padà sí. Ṣùgbọ́n mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo jáde lọ wá lébìrà kan tó ní àdá.

Lébìrà náà kò tíì gé e jìnnà tí a fi gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bọ̀ lódì kejì. Tíṣà ni, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lásán di ẹ̀ka tí àdá fẹ́ bà mú.

"Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́." Lẹ́yìn náà ló wò mí. "Ọmọ mi, yípo wá bá mi. Ìwọ nìkan."

Mo yípo lọ. Ó mú mi gba ẹ̀gbẹ́ ilé dé ẹ̀yìnkùlé. Nídìí ọgbà, níbi tí òjìji ti pọ̀ jù, ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó fi ń rán aṣọ, wà lórí itan rẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Kò wé gèlè. Bó ṣe rí mi, ó yí ojú sí ògiri.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Tíṣà sọ fún mi pé àwọn ti lọ sílé ìwòsàn, àwọn ti lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọ́ra, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò padà. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ ló fi bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi parọ́ Èkó fún àdúgbò.

"Ibi kan ṣoṣo tó ti ń gba atẹ́gùn nìyí," ó ní. "Bí o bá gé ọgbà yìí, yóò wọlé, kò sì ní jáde mọ́."

Mo kúnlẹ̀ kí Màmá. Wọn kò yíjú padà. Mo padà sílé, mo ní kí lébìrà gé ìtàkùn àti ẹ̀ka tó wà lọ́dọ̀ wa nìkan, kó fi gíga rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbé okùn aṣọ lọ síwájú ilé. Mo sọ fún ìyá mi pé tíṣà bẹ̀ mí. N kò sọ ohun tí mo rí, nítorí mo ti ṣèlérí fún tíṣà pé n kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn ọgbà. Ìyá mi dáwọ́ dúró. Ó wò mí lójú, ó sì rí i pé mo mọ̀.

"Èmi náà mọ ikọ́ rẹ̀," ó ní. Ó tún ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àpótí lọ sídìí ọgbà, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní ojúlówó èdè Rẹ́mọ, bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń sọ ọ́. Ó sọ ẹni tó gbéyàwó, ẹni tó kú, bí ata ṣe wọ́n. Kò dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò yọjú, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni dá òun lóhùn. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn náà. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́. Èmi a wà nínú ilé ìdáná, omi a lé ròrò sí mi lójú.

Ó pẹ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń ròyìn olórí akọrin tó ki orin ìgbéyàwó mọ́ ibi ìsìnkú, ohùn kan jáde lódì kejì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó dà bí ẹ̀rín tí kò rọ́nà jáde dáadáa. Ìyá mi dúró kí ẹ̀rín náà parí.

"Mo gbọ́ ọ," ó ní, ó sì ń bá ìròyìn rẹ̀ lọ.

Nínú ọyẹ́ ni àrùn náà tún kọlu ìyàwó tíṣà, kò sì rù ú là. Ìyá mi bẹ tíṣà pé kó jẹ́ kí òun rí ojú rẹ̀ kí wọ́n tó kan pósí. Tíṣà sunkún bí ọmọdé, ṣùgbọ́n kò gbà, ó ní òun kò lè yẹ àdéhùn òkú. Ìyá mi ní kò burú. A jọ jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú rẹ̀ kò kúrò lára pósí náà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìsìnkú rọlẹ̀, tíṣà wá sọ fún wa pé a lè gé ọgbà wàyí. Ìyá mi ní kó fi í sílẹ̀. Tíṣà ní òun kò lè máa wò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tíṣà fúnra rẹ̀ mú àdá, mo sì lọ ràn án lọ́wọ́. Kò rẹ́ ẹ sí ìbàdí bíi ti àtijọ́. Ó gé e kanlẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, láti ẹ̀yìnkùlé wa, mo ń rí ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn gbangba. Ìyá mi yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó, ó padà wọlé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tíṣà, tó wà ní Ìbàdàn, ti wá mú un lọ. Wọ́n gbé ilé náà fún àwọn ayálégbé tó ń ta oúnjẹ ní Interchange, oríta márosẹ̀ tó wà ní Ṣàgámù. Wọ́n tètè ń jáde, wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n ń kí wa dáadáa, a kò sì mọ̀ wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń jókòó ti ìyá mi, mo ń ròyìn ohun tí mo rí lójú ọ̀nà fún un, bí òun náà ti ṣe fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí ọgbà. Ó máa ń gbọ́ ọ títí dé òpin. Bí mo bá parí, yóò ní, "Ó dáa," yóò sì bi mí bóyá mo ti jẹun.