Ẹsẹ̀ Ni Ìyá Onísíìpù Fi Ń Nájà

Ogún ọdún ni Ìyá Onísíìpù ti wà ní ọjà àlòkù, tó ń tú síìpù lára aṣọ tí kò ṣeé tà mọ́. Ahun paraku ni, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn. Bó bá fẹ́ ra nǹkan, yóò kọ́kọ́ yínmú sí i, yóò dá iye tó lè bí ọlọ́jà nínú, yóò sì yíjú padà, yóò máa lọ. Kì í bojú wẹ̀yìn títí wọn yóò fi pè é.

"Ẹsẹ̀ la fi ń nájà, kì í ṣe ẹnu," ló máa ń sọ fún àwọn obìnrin ìlà rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú. Kí erùpẹ̀ ibojì tó gbẹ, ọkọ ọmọ náà, aláìlójútì, ti kó ẹrù olóògbé tà fún àwọn alálòkù. Rédíò rẹ̀ wà lára ẹrù náà, kásẹ́ẹ̀tì sì wà nínú rẹ̀. Orí ibùsùn àìsàn lọmọ ti gba ohùn ara rẹ̀ sí i, tó ní kí ìyá òun má gbọ́ ọ àfi tí òun bá ti lọ.

Odidi oṣù mẹ́ta ni ìyá fi wá rédíò náà. Ọjọ́ Sátidé kan ló rí i lórí tábìlì Awojú, onírédíò tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé ojú oníbàárà ló ń wò kó tó dá iye. Ó yọjú wo inú rẹ̀: kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kọ sára rẹ̀. Àyà rẹ̀ já. Ó sì yínmú.

"Èló ni pálapàla yìí?"

Awojú dá iye. Owó tó wà lápò ìyá tó o, ó sì ṣẹ́kù.

"Ìdajì ni mo ní."

"Kò gbà, Ìyá."

Ó yíjú padà, ó ń lọ. Kò kúkú fẹ́ lọ ní tòótọ́. Ó dúró sídìí aláṣọ kan lọ́ọ̀ọ́kán, ó kọ ẹ̀yìn sí Awojú, ó ń retí. Ó gbọ́ pé oníbàárà mìíràn dé. Ọrùn ń yún un láti yíjú, kò yíjú. Ó pẹ́ kí Awojú tó pariwo:

"Ìyá! Ẹ fi díẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ gbé e!"

Ó rẹ́rìn-ín sínú. Ó san án, ó gbé e mọ́yà bí ọmọ tuntun. Nílé, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sétí ibùsùn, ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tẹ rédíò.

"Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta! Ẹ rí i bó ṣe ń gba ohùn?"

Awojú ni. Bí wọ́n ṣe ń fi rédíò han oníbàárà nìyẹn: wọn a tẹ bọ́tìnnì pupa, wọn a sọ̀rọ̀ lé ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, a sì pa á rẹ́. Ogún ọdún ni Ìyá Onísíìpù ti ń rí i tí wọ́n ń ṣe é.

"Ìyá yẹn ò rà á ni?" Ohùn ọkùnrin kan nìyẹn.

"Ìyẹn? Á rà á. Ojú rẹ̀ ti sọ fún mi, ni mo ṣe pe iye ní ìlọ́po méjì. Ẹ wo bó ṣe kọ ẹ̀yìn, ó ń retí kí n pè é. Ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á díẹ̀ sí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà bọ́tìnnì dún kà, ohùn ọmọ rẹ̀ sì wọlé, kò lókun rárá:

"…ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, Màámi."

Kásẹ́ẹ̀tì tán.