Ọmọ Inú Ìwé Ni Wọ́n Sunkún Fún

Mo ṣì kéré gan-an nígbà tí màmá mi kú ní Òkè-Ògùn, tí bàbá mi sì mú mi wá sí ilé rẹ̀ ní Òkè Àdó, n'Ìbàdàn níbí. Ọmọ mẹ́ta tí ìyàwó rẹ̀ bí ni mo bá nílé. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ bàbá kì í ṣe ọmọ ìyá. Wọn ò lù mí o, wọn ò sì febi pa mí. Wọ́n kàn ń ṣe bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀ ni. Tí mo bá ti dá sí eré wọn, eré parí nìyẹn.

Bàbá wa fẹ́ràn ìwé ìtàn Yorùbá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n àgbà, tó jẹ́ obìnrin, á máa kà á sókè ní pálọ̀, àwa yòókù á máa gbọ́. Lọ́jọ́ kan, ó ń ka ìtàn ọmọ kan tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ já sílẹ̀ sínú igbó. Ó kà á débi tí ọmọ náà ti ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, ló bá bú sẹ́kún. Àwọn tó kù náà ń nu ojú.

"Ìkà ni wọ́n o," ló ń wí, "ìkà gbáà!"

Inú mi dùn débi pé oúnjẹ ò wù mí jẹ. Mo ní, ó ti yé wọn wàyí.

Ẹ wá wo àṣìṣe ọmọdé. Látìgbà tí mo ti dé, "Àǹtí" lásán ni mo ń pè é, bí gbogbo ọmọ àdúgbò ṣe ń pè é. Lọ́jọ́ kejì, bí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀, mo sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní, "Àǹtí mi, ẹ káàbọ̀." Mo fi "mi" sí i. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

"Àǹtí ta ni?" Ó yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn jàre. Ó ń bá wa gbé ni."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, tí tíṣà bá béèrè ìbéèrè tí mo mọ̀, n kì í nawọ́. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olórí kíláàsì, mo ní kí wọ́n mú ẹlòmíràn. Nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ dẹnu kọ mí, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nínú ìwé yẹn, ọmọ náà jọba nígbẹ̀yìn, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wá dọ̀bálẹ̀. Irọ́ ni! Ẹni tí wọ́n bá ti sọ di yẹpẹrẹ ní kékeré, bí wọ́n bá gbé adé fún un, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

Ayé ti yí padà ṣá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nílé ọmọ mi obìnrin ní Bódìjà, ọmọ-ọmọ mi kékeré sáré wọ pálọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, bùọ̀dá ní òun ò bá mi ṣe mọ́, kò sì dáa!" Ìyá rẹ̀ pa tẹlifíṣọ̀n, ó pe bùọ̀dá náà, ó sì dúró tì í títí tó fi bẹ àbúrò rẹ̀. Láyé tiwa, ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ó yẹ kínú mi dùn, ó sì dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi: bí ìyá rẹ̀ ṣe gbé e lé itan, tó ń bá a nu omijé, mo jowú ọmọdé yẹn.