Ìgbín Òkun Tí Mo Gbé Sílẹ̀

Ọjọ́ tí Màmá, ìyá bàbá mi, mú mi lọ sí etíkun Dansoman kò kúrò lọ́kàn mi. Nínú omi láàárín àwọn òkúta, mo rí ìgbín òkun kan tí kò ní ìkarahun, tí ara rẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́, tó ń jẹ ewéko òkun. Bí mo ṣe gbé e, ó tu omi bí aró sí mi lọ́wọ́.

"Fi í sílẹ̀!" Màmá pariwo.

Kí n dá a padà sómi ni wọ́n ń wí. Èmi tí wọ́n bí sí Accra, "ilẹ̀" nìkan ni mo gbọ́. Mo gbé e sórí iyanrìn gbígbóná, mo lọ fọwọ́. Kí n tó dé, ó ti kú.

Màmá ò bá mi wí. "Yɛnkɔ," ni wọ́n wí, pé ká máa lọ. Láti ọjọ́ náà, Twi ni wọ́n ń bá mi sọ dípò Yorùbá, títí wọ́n fi kú.